Bí Pọ́ǹpù Omi Bá Kọ̀ Tí Kò Ṣiṣẹ́

Bí pọ́ǹpù tí ẹ gbé kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kànga bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹ má tètè sáré lọ ra òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ fetí sí i ná.

Bí kò bá dún rárá, ó lè jẹ́ pé iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ wo fíúsì àti swíìṣì.

Bí ó bá ń kùn bí oyin, ṣùgbọ́n tí kò yí, ẹ pa á kíákíá, kí wáyà inú rẹ̀ má baà jóná. Bí iná bá ń ṣe bàìbàì, ẹ dúró kí ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí iná bá dára, ẹ yọ pọ́ǹpù kúrò lára iná pátápátá, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí fáànù ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bí kò bá yí, ó ti dógùn-ún, tàbí iyanrìn há a. Bí ó bá yí geere, kapásítọ̀ ni kí ẹ fura sí, nǹkan kékeré tí ó dà bí agolo. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó pọ́ǹpù tuntun.

Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kàn án o! Bí a tilẹ̀ ti pa iná, agbára iná a máa fara pamọ́ sínú rẹ̀. Oníná ni kí ẹ pè. Bí fíúsì bá sì ń já ṣáá, ẹ má fi wáyà nínípọn dípò rẹ̀. Omi lè ti wọ inú mọ́tò.

A lè ra pọ́ǹpù lọ́jà; a kì í ra ẹ̀mí. Ó dìgbà kan ná.