Ta Ni Ó To Lẹ́tà Orí Kíbọọ̀dù fún Wa?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti jókòó níwájú kọ̀ǹpútà rí, tí a sì bi ara wa léèrè ìdí rẹ̀ tí B kò fi tẹ̀ lé A níbẹ̀, tí ó jẹ́ pé Q, W, E, R, T, Y ni ó ṣáájú. Ó dà bí ìbéèrè ọmọdé, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kan iṣẹ́ tí àwa olùkọ́ ọ̀la ń múra láti ṣe ní Ìjerò, ní Arámọkọ, ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti ní gbogbo apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Èrò tèmi ni pé ètò tí ẹlòmíràn ṣe fún àìní ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ di òfin lé wa lórí nínú bí a ó ti máa kọ èdè wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Christopher Latham Sholes, olóòtú ìwé ìròyìn ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Carlos Glidden àti Samuel Soule, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ taipuráítà wọn ní ọdún 1868. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí A, B, D ti ń tẹ̀ léra nínú ìwé ni wọ́n ṣe to lẹ́tà sí i. Àmì rẹ̀ ṣì wà títí di òní: ẹ wo ìlà àárín, ẹ óò rí F, G, H, J, K, L lẹ́sẹẹsẹ. Lẹ́yìn náà ni Sholes bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn nípò. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni pé àwọn apá irin tí ó ru lẹ́tà a máa kọlu ara wọn, wọn a sì há, bí a bá yára tẹ méjì tí ó súnmọ́ra; nítorí náà ni ó ṣe ya wọ́n nípa. Ní ọdún 2011 ẹ̀wẹ̀, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Kyoto ní Japan, tí orúkọ àwọn méjèèjì ń jẹ́ Yasuoka, sọ pé iṣẹ́ àwọn tí ń gba ọ̀rọ̀ wáyà, tí wọ́n wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ náà, ni ó fa ètò yìí. Iléeṣẹ́ Remington, tí ń rọ ìbọn, ni ó gbé ẹ̀rọ náà jáde fún títà ní 1874.

Èyí tí ó wù kí ó jẹ́ òtítọ́ nínú àlàyé méjèèjì, apá irin ti kásẹ̀ nílẹ̀, wáyà sì ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ètò náà ni ó kù, nítorí pé ó ti mọ́ ìka àwọn ènìyàn lára. August Dvorak gba ìwé àṣẹ lórí ètò mìíràn ní 1936, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò fi ti àtijọ́ sílẹ̀.

Síbẹ̀ àwọn mìíràn tún un ṣe kí ó lè bá èdè wọn mu. Z wọ́pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará Jámánì ju Y lọ. Wọ́n sì fi Z sí ipò Y. Àwọn ará Faransé fi A àti Z sí ibi tí Q àti W wà. Ìdí nìyí tí ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin tí Faransé ti jọba rí, fi ń bá A pàdé níbi tí àwa ti ń bá Q. Èdè kan náà ni a ń sọ. Ọ̀gá tí ó jọba lé wa lórí ni ó yàtọ̀.

Ẹ kíyè sí ọdún kan. Ní 1875, ọdún kan péré lẹ́yìn tí Remington bẹ̀rẹ̀ ọjà rẹ̀, ni àwọn C.M.S. ṣe ìpàdé ní Èkó, tí wọ́n fi ẹnu kò lórí ọ̀nà kíkọ Yorùbá, lẹ́yìn iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther ti gbé jáde láti 1843. Àwọn atẹ̀wé gbà fún ẹ, ọ àti ṣ, wọ́n sì ń fi òjé lẹ́tà tẹ̀ wọ́n sínú ìwé wa. Taipuráítà ni kò gbà. Akọ̀wé a tẹ ọ̀rọ̀ tán, a sì tún mú gègé láti fi àmì sí i, bí kò bá gbàgbé. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọn kò wo ilé wa kí wọ́n tó to lẹ́tà wọ̀nyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Lẹ́tà márùn-ún ni ó wà lórí kíbọọ̀dù tí Yorùbá kò lò: C, Q, V, X àti Z. Ohun márùn-ún ni a sì ń wá tí a kò rí: ẹ, ọ, ṣ, àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀. Kì í ṣe àyè ni kò sí, àwa ni a kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín in.

Kí ni ó ti ibẹ̀ jáde? Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Mo gbé ọkọ́ ọkọ mi sínú ọkọ̀ lọ sí oko.” Bí a bá tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí kíbọọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì ti rí, yóò di “Mo gbe oko oko mi sinu oko lo si oko.” Bí a bá sì tẹ “efon,” ṣé ẹran ńlá inú igbó ni, tàbí kòkòrò tí ń jẹ ni lóru, tàbí ìlú Aláayè?

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí à ń wí, àti pé àmì ń dá iṣẹ́ dúró. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ ní ti lẹ́tà tí ọ̀rẹ́ kọ sí ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ìwé kò tí ì mọ̀. Ohun tí ó wá kọ́ gan-an nìyẹn. Olùkọ́ tí ó tẹ ìbéèrè ìdánwò Yorùbá láìsí àmì kan, tí ó sì gé máàkì ọmọ nítorí pé ọmọ náà kò fi àmì sí ìdáhùn, kò ṣe ẹ̀tọ́. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò fi hàn ni ó ń bèèrè.

Ọ̀nà àbáyọ kò sì jìnnà mọ́. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ YorubaName ti ṣe kíbọọ̀dù Yorùbá fún kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ṣe kíbọọ̀dù Konyin, tí ó fi àyè sílẹ̀ fún lẹ́tà àti àmì wa. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí a bá yan Yorùbá, tí a sì tẹ E mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ẹ yóò yọ jáde. Yóò falẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Lẹ́yìn náà ìka yóò mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ ti Sholes.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí olúkúlùkù wa tó gba kíláàsì tirẹ̀, kí ó kọ́ bí a ti ń tẹ Yorùbá pé. Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, a bẹ̀ yín kí ìwé ìdánwò Yorùbá tí ẹ óò fún wa ní àmì lórí láti sáà tí ń bọ̀. Sholes to lẹ́tà fún iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì ṣẹ̀ wá. Àwa ni a ó ṣẹ àwọn ọmọ wa, bí a bá fi ọ̀lẹ ìka kọ́ wọn ní èdè tí kò pé.