Iná Orí Òrùlé Windscale

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tó bá ti gbé ilé koríko rí kò nílò àlàyé: ògúnná kan ṣoṣo já bọ́ sórí koríko gbígbẹ, kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé ti di eérú. Onígbèsè tó ń náwó òde àríyá la sábà máa ń pa òwe yìí fún, tàbí ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná tó sì ń pọ́n ọn lọ sọ́jà. Ẹni tó mọ̀ là ń bá wí. Òwe náà ti gbà pé onílé rí iná. Bí kò bá rí i ńkọ́? Bí ẹni tó dá a bá mọ̀, tí kò sì jí àwọn tó sùn?

Ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1957 ni wọ́n rí i pé iná ń jó ní Windscale, létí òkun Cumberland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni ìjọba ti ń ṣe plutonium tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù. Ààrò ńlá ni wọ́n fi gráfáìtì kọ́, wọ́n to yuréníọ̀mù sínú rẹ̀, fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó má gbóná jù, atẹ́gùn ọ̀hún sì ń gba inú ọ̀pá èéfín gíga jáde sójú ọ̀run. Orí ọ̀pá yìí ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Cockcroft ti ní kí wọ́n gbé asẹ́ ńlá sí. Iṣẹ́ ti jìnnà nígbà tó sọ ọ́, owó gọbọi ló sì ná wọn, ni wọ́n bá ń pe asẹ́ náà ní ìwà òmùgọ̀ Cockcroft. Asẹ́ òmùgọ̀ yìí ló gba púpọ̀ nínú májèlé náà mú lọ́jọ́ iná. Ẹni tí kì í sùn láwùjọ, àwọn olóorun ló máa ń fi í ṣẹ̀sín.

Tom Tuohy, igbákejì ọ̀gá ibẹ̀, gun orí ààrò léraléra láti yọjú wo iná. Ní ọjọ́ 11, wọ́n da omi sí i, bẹ́ẹ̀ omi ọ̀hún fúnra rẹ̀ lè mú kí ohun gbogbo bú gbàù. Ìgbà tí wọ́n pa fáànù ni iná tó kú.

Ohun tó ti bọ́ síta kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Èyí tó kan ará ìlú jù ni áyódíìnì-131. Ó bà sórí koríko, màlúù jẹ koríko, ó wọnú wàrà. Ọmọdé tó bá mu wàrà náà, inú ọrùn níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ ló ń lọ ba sí. Láàárín ọjọ́ 8, agbára rẹ̀ á ti dín sí ìdajì, ìdí nìyẹn tí dída wàrà nù fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ fi bọ́gbọ́n mu. Wọ́n sì dà á nù, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 500 kìlómítà níbùú lóòró. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 12 ni òfin wàrà tó bẹ̀rẹ̀. Òru méjì làwọn ará Seascale, abúlé tó wà nítòsí, ti sùn.

Ọjọ́ 11 ṣáájú kí wọ́n tó rí iná Windscale, táǹkì ìdọ̀tí átọ́míìkì bú gbàù ní Mayak, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè Ural ní Rọ́ṣíà. Láti 1949 ni wọ́n ti ń da irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ sódò Techa, odò tí ará abúlé ń pọn mu. Nígbà tí táǹkì náà bú, wọ́n kó àwọn kan kúrò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn mìíràn lẹ́yìn oṣù, wọn ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. 1989 ni Moscow tó jẹ́wọ́.

Ẹ lè ní ti Windscale sàn. Ó sàn lóòótọ́. Wọ́n kúkú da wàrà nù. Àmọ́ William Penney, tó darí ìwádìí iná náà, kọ ìròyìn rẹ̀ tán kí oṣù náà tó parí, Harold Macmillan, olórí ìjọba, kò sì jẹ́ kó jáde lódindi. Ó ń wá bí Amẹ́ríkà yóò ṣe tún bá wọn pín àṣírí bọ́ǹbù. Àwọn tó pa iná ò sùn. Ìjọba ló rẹ ará ìlú tó ti jí padà sójú oorun.

Gbèsè irú oorun bẹ́ẹ̀ kì í tètè tán. Ní 1983, ètò tẹlifíṣọ̀n kan sọ pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń ṣe àwọn ọmọ Seascale ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbìmọ̀ tí Douglas Black darí sọ ní 1984 pé òótọ́ ni iye wọn pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ò rí ẹ̀rí pé iléeṣẹ́ náà ló fà á. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Òbí wo ni yóò gbà á gbọ́, nígbà tí ìròyìn Penney ṣì wà nínú àpótí? 1988 ni wọ́n tó gbé e síta.

Wọ́n ti yí orúkọ ibẹ̀ sí Sellafield láti 1981. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 15 yuréníọ̀mù ṣì wà nínú ààrò tó jó náà títí di òní.