Orúkọ tí ó yẹ Aṣèrànwọ́ Ìlera Nílé àti Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí Orúkọ náà fi hàn

Láàrin àwọn Yorùbá tí ó wà ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí wọ́n ń jẹun nídìí wíwẹ̀ fún arúgbó, gbígbé aláìsàn dìde lórí ibùsùn àti mímójútó oúnjẹ rẹ̀ nínú ilé tirẹ̀. "Nọ́ọ̀sì" ni àwọn ará ilé sábà máa ń pè wọ́n. Àṣìpè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹni tí wọ́n bá pè ní nọ́ọ̀sì ni ìyá àgbà yóò ní kí ó gún òun ní abẹ́rẹ́, tàbí kí ó sọ bóyá kí òun dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà sì ní ààlà. Láti ara òfin tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe ní 1987 ni ìlànà tí ó de àwọn iléeṣẹ́ tí ń gba owó Medicare ti wá: ẹni tí ó bá gba ọ̀nà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ lo wákàtí 75, ó kéré tán. Wákàtí 16 nínú rẹ̀ jẹ́ ti kíláàsì, kí wákàtí 16 ti ìfọwọ́ṣe lójú nọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e. (Kalifóníà kò gbà pé 75 tó, 120 ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀.) Wíwọn ìgbóná ara wà nínú ẹ̀kọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kíka lílù iṣan ẹ̀jẹ̀, wíwẹ̀ fún aláìsàn lórí ibùsùn, gbígbé e sórí àga láìfarapa, àti ṣíṣàkíyèsí ìyípadà lára awọ. Abẹ́rẹ́ kò sí nínú àkójọ náà, àfi ohun tí òfin ìpínlẹ̀ kan bá fi kún un. Kókó iṣẹ́ náà ni kí ó rí, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì ròyìn fún nọ́ọ̀sì.

Orúkọ méjì ni ó máa ń tètè wá sí ọkàn láti fi rọ́pò "nọ́ọ̀sì". "Olùtọ́jú" ni èkíní. Ṣùgbọ́n "tọ́jú" gba ohun púpọ̀ mọ́ra jù: oníṣègùn ń tọ́jú àrùn, ìyá ń tọ́jú ọmọ, oníṣòwò ń tọ́jú owó. Ààlà tí òfin fà láàrin wíwo àrùn àti ríran ẹni tí àrùn ń ṣe lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ náà pa rẹ́. Èkejì, "alábòójútó," burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìlànà yìí, nọ́ọ̀sì gan-an ni alábòójútó: bí aláìsàn bá ń gba ìtọ́jú ti nọ́ọ̀sì pẹ̀lú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàrin ọjọ́ 14 ni nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ ẹni yìí wò. Kò bójú mu kí ẹni tí ń yẹ iṣẹ́ wò àti ẹni tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò máa jẹ́ orúkọ kan náà. "Aṣèrànwọ́ ìlera nílé" gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹni náà jẹ́ ni ó sọ, kò sì ní ẹ̀gàn "ọmọ-ọ̀dọ̀" nínú.

Orúkọ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ tí ó kù. Ìlànà náà béèrè pé kí aṣèrànwọ́ lè fi ẹnu ròyìn ọ̀rọ̀ ìlera fún aláìsàn àti àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Bí aláìsàn kò bá gbọ́ ju Yorùbá lọ ńkọ́? "Ara rẹ̀ gbóná" lè jẹ́ ibà, ó sì lè jẹ́ ooru lásán. "Ìwọ̀n ìgbóná ara" gbọ́dọ̀ dúró fún iye tí ẹ̀rọ kà nìkan. Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984, ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ti ìlera ń dúró de ìgbìmọ̀ tí nọ́ọ̀sì àti aṣèrànwọ́ yóò jókòó sí pẹ̀lú àwọn onímọ̀ èdè.

Egbò tí ó ń yọ nídìí àti ní gìgísẹ̀ nítorí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ni ó yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Egbò ìdùbúlẹ̀" yóò yà á sọ́tọ̀, yóò sì sọ okùnfà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí olùtumọ̀ má ṣe kọ ọ́ pé awọ yóò "pọ́n" kí egbò tó yọ, bí ìwé àwọn òyìnbó ti ń wí. Lára adúláwọ̀, pípọ́n kì í sábà hàn. Ohun tí aṣèrànwọ́ yóò rí ni ibi tí ó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tí ó gbóná tàbí tí ó le bí ó bá fi ọwọ́ kàn án.