Fàyàwọ́, fáìnì àti orúkọ tí kì í pa rẹ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìlárá, ààlà Nàìjíríà àti Benin la ìlú yín kọjá. Ẹni tó gbé ìrẹsì sórí ọ̀kadà láti ọ̀hún lè rò pé ọjà lásán ni, àmọ́ fàyàwọ́ ni kọ́sítọ́ọ̀mù ń pè é.

Tọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní, "Ṣáà gbà pé o jẹ̀bi, san fáìnì, máa lọ sílé." Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Pé wọ́n mú èèyàn kò sọ ọ́ di ọ̀daràn o, ìdájọ́ kóòtù ló ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, fáìnì ò sì pa á rẹ́. Òfin ACJA ti 2015 ní kí kóòtù fi ìdájọ́ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín 30 ọjọ́. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń wá físà, tí wọ́n bá bèèrè ìwé-ẹ̀rí ọlọ́pàá, ẹ ó tún bá a pàdé.

Ẹ wo Herbert Macaulay. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 1913. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó dá sílẹ̀ ní 1923 wọlé ìbò l'Ékòó, òun fúnra rẹ̀ ò lè dupò. Ó kú ní 1946. Oṣù October 2025 ni Ààrẹ Tinubu ṣẹ̀ṣẹ̀ dárí jì í.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ jẹ̀bi, ẹ bèèrè lọ́ọ́yà. Ẹni tí ò lówó lè lọ sí Legal Aid Council.