Fíìmù Wa Gba Ẹ̀bùn Lókèèrè, Ta Ló Wò Ó Nílé?

Ọ̀rọ̀ sinimá ni a mú wá fún ìdílé lọ́tẹ̀ yìí. Kí bàbá má ṣe sọ pé ti àwọn ọmọdé nìyẹn, kí ìyá má sì ṣe sọ pé òun kò ráyè. Ohun tí ojú ọmọ bá ń wò lójoojúmọ́ ni ọkàn rẹ̀ ń jẹ bí oúnjẹ. Bí ó bá jẹ́ ìtàn ẹlòmíràn nìkan ló ń wò, yóò mọ ilé onílé ju ilé bàbá rẹ̀ lọ.

Ní ọdún méjì-méjì, ìlú Ouagadougou ní Burkina Faso máa ń gba àlejò àwọn tó ń ṣe fíìmù ní Áfríkà. Àjọ̀dún náà ni wọ́n ń pè ní FESPACO. Àwọn olùfẹ́ sinimá ní ìlú náà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1969. Ní 1972 wọ́n dá ẹ̀bùn ńlá rẹ̀ sílẹ̀: ère ọmọbìnrin kan lórí ẹṣin, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Yennenga ni ọmọbìnrin náà, ọmọ ọba tí àwọn Mossi ń ka sí ìyá ńlá wọn. Oumarou Ganda, ọmọ ilẹ̀ Niger, ló kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn yìí, fún “Le Wazzou polygame”: ìtàn ọkùnrin kan tó ti Mẹ́kà dé, tó wá fẹ́ fi ọmọdébìnrin kan kún àwọn ìyàwó rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìdílé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀?

Púpọ̀ nínú fíìmù tí wọ́n ń fi hàn níbẹ̀, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá ló ṣe wọ́n. Àdáṣe ni. Ìtàn kan wá sí ẹnì kan lọ́kàn, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn kiri: díẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, díẹ̀ lọ́wọ́ àjọ kan ní Yúróòpù, díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ àti ẹbí. Ọdún á gorí ọdún kí owó tó pé. Ẹ wo Jean Odoutan, ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ìtàn, tó ń darí, tó ń ṣeré, tó sì ń kọ orin inú fíìmù rẹ̀. “Barbecue-Pejo” tó ṣe jáde ní 2000. Ní 2003 ó dá àjọ̀dún sinimá Quintessence sílẹ̀ ní Ouidah.

Ẹ tún wo Sylvestre Amoussou, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń ṣeré ní ilẹ̀ Faransé. Ó rí i pé ipa tí wọ́n ń fún aláwọ̀ dúdú nínú fíìmù ibẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Nínú “Africa Paradis”, ní 2006, ó dorí ayé kodò: Áfríkà ti lówó, àwọn òyìnbó ni wọ́n ń wọ́nà àtiwọlé wá sọ́dọ̀ wa láti rí iṣẹ́ ṣe. Nínú “L'Orage africain”, ààrẹ kan gba epo rọ̀bì àti wúrà ilẹ̀ rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn àjèjì, wàhálà sì bẹ̀rẹ̀. Fíìmù yìí ló gba ẹ̀bùn kejì ní FESPACO ní 2017.

Ẹ jẹ́ kí a wá rántí ọmọ Àjàṣẹ́ kan. Paulin Soumanou Vieyra ni orúkọ rẹ̀, ní Porto-Novo ni wọ́n bí i ní 1925. Paris ni ó ti kọ́ iṣẹ́ sinimá. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ya fíìmù ní Áfríkà, ìjọba Faransé kò gbà fún wọn, nítorí òfin kan ti wà láti 1934 pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ya fíìmù ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso láìgba àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ya “Afrique-sur-Seine” ní Paris, ní 1955. Lẹ́yìn náà Vieyra lọ ṣiṣẹ́ ní Senegal, ó ran Ousmane Sembène lọ́wọ́ lórí àwọn fíìmù rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó gbé FESPACO ró. Ó kú ní 1987. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn tó ń kọ̀wé lórí sinimá ní Áfríkà fi sọ ẹ̀bùn tí wọ́n ń fúnni ní Ouagadougou. Ní 2023, “Mami Wata” tí C.J. Obasi ọmọ Nàìjíríà ṣe ló gba ẹ̀bùn náà. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí ni wọ́n sì ti yà á.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Nígbà ayé Vieyra, àjèjì ló dí wa lọ́nà. Lónìí, òfin 1934 ti kọjá lọ. Ọmọ wa lè ya ilé wa, ọjà wa àti odò wa. Ṣùgbọ́n bó bá yà á tán, tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ní Ouagadougou, tí ìwé ìròyìn gbé orúkọ rẹ̀ jáde, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní Kétu kò ní rí i, olùkọ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ kò ní rí i. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn sinimá ní apá ibi tiwa yìí ti di ilé ìtajà tàbí ilé ìjọsìn. Fíìmù tí àwọn onítàn kò rí dà bí ẹrù tí a kó lọ sọ́jà tí a kò mú nǹkan kan bọ̀ wálé. Ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Ní 2025, Dani Kouyaté, ọmọ Burkina Faso, gba ẹ̀bùn ńlá fún “Katanga”. Ìtàn Macbeth tí Shakespeare kọ ló mú, ó sì fi èdè Mooré sọ ọ́, tí àwọn Mossi ń sọ. Láti 1997 ni ọmọ ilẹ̀ Burkina kò ti gba ẹ̀bùn yìí. Tiwa náà kò ṣàìsí. Ní 1985 François Okioh ṣe fíìmù kan, ó sọ ọ́ ní “Ironu”, ìyẹn ìrònú. Ní 2006 Túndé Kèlání ti Nàìjíríà pa ọwọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ṣe “Abeni”, ìtàn ìfẹ́ ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, láti Èkó dé Kutọnu. Yorùbá àti Faransé ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń sọ ọ́ ní ààlà.

Kí ni ìdílé lè ṣe? Ìkíní, bí fíìmù ọmọ ilẹ̀ wa bá dé ìlú yín, ẹ sanwó kí ẹ wọlé. Owó yẹn ni yóò fi ṣe èkejì. Ìkejì, ẹ má ra ayédèrú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, olè ni. Ìkẹta, gbọ̀ngàn ìjọ wà, aṣọ funfun wà, ẹ̀rọ tí a fi ń gbé àwòrán sára ògiri kò sì ṣòro yá mọ́. Ẹ bèèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe fíìmù, ẹ dá owó jọ, kí ẹ pe àdúgbò. Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí Ìjọ: SIGNIS, ẹgbẹ́ Kátólíìkì tí a dá sílẹ̀ ní 2001 fún sinimá, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ti fún àwọn oníṣẹ́ fíìmù ní ẹ̀bùn ní FESPACO. Ìkẹrin, bí ọmọ bá sọ pé iṣẹ́ fíìmù ni òun fẹ́ ṣe, ẹ má lé e jáde. Ẹ bi í léèrè ìtàn tó fẹ́ sọ.

Ìbéèrè fún ìdílé lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́:
1. Fíìmù wo ni a ti wò tó jọ ìgbésí ayé ilé wa? Èdè wo ni wọ́n sọ níbẹ̀?
2. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ya ìtàn ìdílé wa, kí ni a óò fẹ́ kó sọ? Kí ni a óò fẹ́ fi pamọ́, kí sì nìdí?
3. Ta ni ó mọ ìtàn ìlú wa jù ní àdúgbò yìí, ṣé a ti jókòó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà kọ́kọ́ dáhùn, kí àwọn ọmọ sì fetí sílẹ̀. Ó dìgbà kan ná.