Abala Ìdílé: Hard Drive Wo Ni Kí A Rà?

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìbàdàn, ẹni tí í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin nínú ìjọ rẹ̀. Ó wí pé inú kọ̀ǹpútà alágbèéká òun ni orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà àti owó tí olúkúlùkù san, pẹ̀lú àwòrán ìsìnkú ọkọ òun, àti ohùn bàbá náà níbi tí ó gbé ń súre fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ikú rẹ̀. Nísinsin yìí, kọ̀ǹpútà náà a máa kú fúnra rẹ̀, a sì máa pẹ́ kí ó tó jí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí ó ra hard drive tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta, kí ó sì da ohun gbogbo kọ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ọjà, oríṣi tí ó bá níbẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Kí a tó dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn baba wa. Nígbà tí ilé Alùfáà Àjàyí Crowther jóná ní Èkó ní 1862, àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti kó jọ fún ọdún 11 bá iná lọ. Ní 1897, Alùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá. A fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Alùfáà náà kú ní 1901 láìfi ojú kan ìwé rẹ̀ ní títẹ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí kò tíì dán wà nílé. Láti inú wọn ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ti tún gbogbo rẹ̀ kọ, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921.

Nítorí náà, ẹ̀dà kejì, tí kò sí ní ojú kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, ni ohun tí ìyá wa ń lọ rà. Hard drive kàn jẹ́ ìwé tí a óò kọ ọ́ sí ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kó àwòrán wọn sínú hard drive, wọn a sì pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́ kí àyè lè wà. Irú wọn kò tíì ní ẹ̀dà kejì; wọ́n kàn ṣí ẹyọ kan tí wọ́n ní kúrò nípò ni.

Oríṣi méjì ni ó wà lórí àtẹ. Èkíní ní àwo pẹlẹbẹ nínú, tí ń yí gan-an, tí apá tín-ín-rín kan sì ń ka ohun tí ó wà lórí rẹ̀ láìfi ara kàn án. Ilé-iṣẹ́ IBM ni ó kọ́kọ́ mú irú rẹ̀ jáde ní 1956: àwo 50 ni ti ìgbà náà ní, ó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù ńlá, síbẹ̀ fọ́tò kan ṣoṣo láti inú fóònù òde òní lè kún un. Bí irú èyí bá ṣubú nígbà tí ó ń yí, apá náà lè ha àwo, ohun tí ó wà níbẹ̀ a sì bàjẹ́. Èkejì ni a ń pè ní SSD. Kò sí ohun tí ń yí nínú rẹ̀, nítorí náà kò bẹ̀rù ìṣubú tó bẹ́ẹ̀, ó sì yára; ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ti alàwo lọ, bí a bá sì fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìfún un ní iná, ohun tí a kọ sínú rẹ̀ lè máa ṣá.

Bí hard drive náà yóò bá máa bá ọmọ ilé-ìwé rìn nínú báàgì, kí a ra SSD. Ṣùgbọ́n ti ìyá wa yóò jókòó sínú dúrọ́ọ̀ ni. Alàwo tó fún un. Kí ó ra kékeré, èyí tí ń gba iná láti inú kọ̀ǹpútà nípa okùn rẹ̀. Ńlá tí ó ní okùn iná tirẹ̀ kò yẹ fún ilé tí iná lè lọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Kí ó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí orúkọ, nítorí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta péré ni ó kù tí ń ṣe alàwo: Seagate, Western Digital àti Toshiba.

Ní ti ìwọ̀n, kí ó rà á ní ìlọ́po méjì ti kọ̀ǹpútà rẹ̀: bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ 500 GB, kí ó ra 1 TB. Kí ó má sì bínú sí òǹtajà nígbà tí Windows bá fi 931 hàn án dípò 1,000. Ọ̀nà ìkà wọn ni ó yàtọ̀. Kí ó bèèrè USB 3.0. Èyí tí a fi 100 GB kún ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta wákàtí lè gbà tó wákàtí kan lórí USB 2.0 àtijọ́.

Ohun kan wà tí ó bà wá nínú jẹ́. A ń ta àwọn kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí a kọ 16 TB sí lára, tí owó wọn sì kéré sí ti 1 TB gidi. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún kọ̀ǹpútà. Wọn a gba gbogbo ohun tí a kó fún wọn, ṣùgbọ́n bí àyè kékeré inú wọn bá ti kún, wọn a máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Orúkọ fáìlì a wà lójú, ṣùgbọ́n kì yóò ṣí. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà fún Windows tí a ń pè ní H2testw, tí ń kọ̀wé sí hard drive títí yóò fi kún, tí a sì tún kà á padà. Kí ọmọ rẹ̀ kan bá a fi dán an wò ní òru kan, kí ó tó fi ohunkóhun sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ó bá ti da ohun gbogbo kọ, kí ó yọ ọ́. Ní 2017, àrùn kọ̀ǹpútà tí a pè ní WannaCry ti fáìlì àwọn ènìyàn pa ní orílẹ̀-èdè tí ó ju 150 lọ, láti fi gba owó lọ́wọ́ wọn. Irú àrùn bẹ́ẹ̀ a sì máa ti ohun tí ó bá wà lára kọ̀ǹpútà pa pẹ̀lú. Kí ó má sì ṣe fi í sínú báàgì kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, nítorí olè kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. A mọ àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀. A kò ní dárúkọ wọn, nítorí àwa fúnra wa ti wà lára wọn rí. Ilé ọmọ rẹ̀ ni kí ó máa gbé, kí a sì máa mú un wá ní ìparí oṣù, lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ń kú tí ń jí kò ní dúró de ọjà. Lónìí olónìí, kí ìyá wa kọ́kọ́ fi ohùn bàbá náà ránṣẹ́ sí fóònù àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ó bá sì ti ra hard drive, tí ó ti da ohun gbogbo kọ, kí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó ṣí ohùn náà láti inú rẹ̀, kí ó sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí wa bí ó bá ti rí.