Ẹ Má Tíì Di Ẹ̀bi Ru Ẹ́ńjìnì Tuntun

Ẹni tó bá dúró létí omi Ìwáyà fún wákàtí kan péré á gbọ́ ẹjọ́ ẹ́ńjìnì. "Tòkunbọ̀ yìí ti kú kó tó dé." "Ó ń mu epo bí ẹni mu omi." Èrò tèmi ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ́ńjìnì ò jẹ̀bi. Pùròpẹ́là ló yẹ ká mú, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí lábẹ́ omi, èyí tí wọ́n yọ lára ẹ́ńjìnì àtijọ́ tí wọ́n sì dè mọ́ tuntun láìbéèrè ohunkóhun.

Ẹ wo ara pùròpẹ́là dáadáa. Wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà méjì sí i, bíi 11 3/8 x 12. Àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ rẹ̀ ní ínǹṣì. Ìkejì, tí wọ́n ń pè ní pitch, ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ rántí bí súkúrù ṣe ń wọ pákó: bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, á wọlé díẹ̀ sí i. Pitch 12 túmọ̀ sí pé bí omi bá le bíi pákó ni, pùròpẹ́là yẹn á ti ọkọ̀ síwájú ní ínǹṣì 12, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà kan, nígbàkigbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Omi ò le bíi pákó ṣá, ó ń yọ̀, nítorí náà ọkọ̀ kì í lọ tó bẹ́ẹ̀.

Gíà tún wà láàárín ẹ́ńjìnì àti pùròpẹ́là, òun ló ń dín eré kù. Ibí yìí gan-an ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Mercury ní ẹ́ńjìnì 60 horsepower kan tí gíà rẹ̀ jẹ́ 1.83. Wọ́n tún ní 60 mìíràn fún ọkọ̀ tó wúwo, Command Thrust lorúkọ rẹ̀, gíà tiẹ̀ jẹ́ 2.33. Agbára kan náà o! Àmọ́ bí ẹ́ńjìnì méjèèjì bá ń yí ní ìgbà 5,500 ní ìṣẹ́jú kan, pùròpẹ́là ti àkọ́kọ́ á yí bíi 3,005, ti ìkejì á yí bíi 2,360. Torí náà, "ogójì ni mo yọ, ogójì náà ni mo fi sí i" kò tíì sọ nǹkan kan fún wa.

Bí pitch bá pọ̀ jù, ó dà bí ọ̀kadà tó gbé èèyàn méjì, tí ọlọ́kadà wá fẹ́ fi gíà kẹrin gbéra. Á máa gbọ̀n, á máa ké, kò ní sáré. Ẹ́ńjìnì á gbóná, èédú á dì sínú rẹ̀, písítìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, owó epo á sì máa jóná. Bó bá kéré jù ńkọ́? Ariwo ńlá, ìrìn kékeré, ẹ́ńjìnì á sì máa yí kọjá iye tó lè fara dà. Èyí tí wẹ́dà ti jó lẹ́ẹ̀mẹta tún burú jù, torí òòlù ti tẹ ewé rẹ̀ síbòmíì, nọ́ńbà ara rẹ̀ ti di irọ́.

Mo bi ẹ̀gbọ́n awakọ̀ kan bóyá wọ́n ń lo aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnì. "Àbúrò, etí ni mo fi ń gbọ́ ọ." Mo bọ̀wọ̀ fún etí yẹn, torí ó ti pẹ́ lórí ọ̀sà ju ìwé tí mò ń kà lọ. Àmọ́ etí tó mọ ohùn ẹ́ńjìnì àtijọ́ ò tíì mọ ti tuntun.

Yamaha Enduro 40 yẹ kó máa yí láàárín 4,500 sí 5,500 ní ìṣẹ́jú kan téèyàn bá fún un níná tán. Ẹ kó ẹrù tí ẹ sábà máa ń kó sínú ọkọ̀, kì í ṣe òfìfo, kí ẹ fún un níná tán, kí ẹ wo aago. Ká ní 4,400 ló dúró sí. Ínǹṣì kan tí ẹ bá yọ nínú pitch sábà máa ń fi 150 sí 200 kún un. Ẹ fi pitch 9 rọ́pò 12, ó ṣeé ṣe kó dé 4,850 tàbí 5,000. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe Ìwáyà nìkan lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1837, Francis Pettit Smith ń dán ọkọ̀ onípùròpẹ́là wò lórí odò àgbẹ́ Paddington ní Lọ́ńdọ̀nù. Igi ni wọ́n fi ṣe pùròpẹ́là ọ̀hún, ó gùn gbọọrọ bíi súkúrù. Bí ìdajì rẹ̀ ṣe kán dànù lójú omi, ọkọ̀ bá tún yára sí i! Ẹni tó ṣe é gan-an ò mọ èyí tó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu títí tí omi fi sọ fún un.

Ohun tí mo ń béèrè ò pọ̀. Kí ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnì kọ iye gíà rẹ̀ sórí rìsíìtì, kó sì gbà kí oníbàárà pààrọ̀ pùròpẹ́là lẹ́yìn tó bá ti dán an wò lójú omi. Kí àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń lo èbúté kan náà dá owó ra aago kan. Ó wà èyí tí wọ́n kàn ń wé mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì, kò sì wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnì. Tí ẹ́ńjìnì bá kú lábẹ́ Third Mainland Bridge nírọ̀lẹ́, èrò kún ọkọ̀, ilẹ̀ ń ṣú, kì í ṣe owó epo nìkan lèèyàn ń rò mọ́.

Àti àwa tá à ń kàwé ní UNILAG, tí ọ̀sà kan náà wà lẹ́yìn ọgbà wa: irú aago yìí wà nínú yàrá àyẹ̀wò wa, Ìwáyà ò sì jìnnà débi tá a máa wọ mọ́tò. Ó yẹ ká gbé e débẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan.